Ìgbẹ́ ọmọ mi kò le mọ́ láti ìgbà tó ti lo oògùn apakòkòrò: kí ni kí n ṣe sí inú rẹ̀?

Ìyá Tòmíwá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Etí dun ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, lóṣù tó kọjá, wọ́n sì fún un ní amoxicillin ní ọsibítù. Etí ti san, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń lo oògùn yẹn ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti rọ̀, inú rẹ̀ a máa kùn, a sì máa wú bó bá jẹun tán. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí ibà, ó ṣì ń ṣeré. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kí n fún un ní Flagyl. Ẹlòmíràn ní kí n ra kápúsù kan tí wọ́n ní kòkòrò tó ń ṣe ara lóore wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ga ju agbára mi lọ. Màmá ọkọ mi ní kí n dá ẹ̀wà dúró pátápátá, kí n máa fún un ní omi ògì. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ọmọ yìí gan-an kí n tó fi nǹkan mìíràn sí ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Apòògùn Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tòmíwá. Ó dáa tí ẹ bèèrè kí ẹ tó ra Flagyl. Ẹ má fún un o.

Àìmọye bakitéríà, ìyẹn àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí, ló ń gbé nínú ìfun ńlá wa. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tó jókòó ṣírò iye wọn rí i pé nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 ló wà lára àgbàlagbà kan, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ohun tí ìfun kékeré kò rí dà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bá wa ṣe fítámì K àti díẹ̀ lára àwọn fítámì B, wọ́n sì gba àyè tí kòkòrò àrùn ìbá jókòó sí.

Amoxicillin tí ẹ lò fún etí kò lè ya èyí tó wà ní etí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà ní ìfun. Bí ìgbà tí èèyàn fọ́n oògùn apakoko sí oko tí ewédú àti èpò jọ hù sí ni. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe àṣìṣe ní ọsibítù. Etí tó bá kẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń jẹ àjẹkù oúnjẹ bá ti dínkù nínú ìfun, àjẹkù yẹn á jókòó síbẹ̀, á fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á sì rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Flagyl ní iṣẹ́ tirẹ̀, pàápàá fún àwọn kòkòrò bíi amíbà àti giardia tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ bá fi hàn. Àmọ́ bakitéríà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ló máa ń pa, irú wọn gan-an ló sì kún inú ìfun. Bí a bá tún da èyí lé amoxicillin lórí láìsí àyẹ̀wò, àwọn díẹ̀ tó kù la tún ń lé lọ yẹn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ìyá tó ń ra Flagyl lẹ́yọ-lẹ́yọ fún ọmọ tó yàgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Òṣogbo

Òótọ́ ni apòògùn sọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Tòmíwá, ẹ ní "lóṣù tó kọjá". Ìgbẹ́ gbuuru tó bá ti kọjá ọjọ́ 14 lára ọmọdé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, kódà bó ṣe ń ṣeré yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ràn wa níbí dí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ibà, tí ojú rẹ̀ jì wọnú, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí kò tọ̀ bó ṣe máa ń tọ̀, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, ẹ máa fún un ní omi ORS nígbàkúùgbà tó bá yàgbẹ́ olómi. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye omi tí ẹ máa pò ó sí. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, líítà kan ni. Ẹ bèèrè oògùn zinc náà. Ọjọ́ 10 sí 14 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ fi lò ó. Owó rẹ̀ kò wọ́n.

Fún àwọn ìyá mìíràn tó ń kà èyí: èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, oògùn apakòkòrò kò sì ran fáírọ́ọ̀sì. Rotavirus ló burú jù nínú wọn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni oògùn àjẹsára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ti wọ inú àjẹsára ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kó fo ọmọ yín.

Ìyá Tòmíwá, kí ló ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́? Ẹ sọ ọ́ fún wa bó ṣe rí.

Ìyá Tòmíwá, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo máa gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Oúnjẹ rẹ̀: láàárọ̀, ògì àti mílíìkì ìyẹ̀fun, mo máa ń bu mílíìkì náà dáadáa kó lè lágbára, tàbí búrẹ́dì funfun àti tíì onímílíìkì. Lọ́sàn-án, índómì tàbí ìrẹsì funfun. Lálẹ́, ó tún máa ń mu mílíìkì kó tó sùn. Kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Ẹ̀wà ló fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dá a dúró báyìí.

Bàbá Ìṣẹ́yìn, Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Láàbù ọsibítù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mílíìkì yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ sí.

Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì, ẹni tó padà di mínísítà ètò ìlera, àti àwọn onímọ̀ mìíràn tó bá a ṣiṣẹ́, ṣe àyẹ̀wò bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú mílíìkì, èyí tó ń jẹ́ lactose. Ohun tí wọ́n rí ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwa Yorùbá àti Ígbò, bí a bá ti kúrò ní ọmọ ọmú, ara wa kì í ṣe èròjà tó ń dà á mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn Fúlàní tí wọ́n ń da màlúù láti ìran dé ìran ní tiwọn ń dà á dáadáa jù wá lọ. Kì í ṣe àìsàn o, bí ara wa ṣe rí nìyẹn.

Lactose tí a kò dà yìí kì í pòórá. Ìfun ńlá ló ń lọ, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni inú wíwú àti inú kíkùn ti ń wá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì ti dá ìfun kékeré lágara, èyí tó kù nínú èròjà adàlactose yẹn á tún lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kódà nínú ọmọdé. Nítorí náà, ẹ dín mílíìkì ìyẹ̀fun yẹn kù kí ẹ wò ó. Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, nítorí bakitéríà tó sọ ọ́ di yógọ́ọ̀tì ti bá wa jẹ lára lactose náà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi ewé bọmubọmu ṣe náà dára, nítorí omi tí wọ́n ń sẹ́ dànù lára rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ń bá lọ. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sínú ògì rẹ̀ dípò mílíìkì, ó máa lágbára.

Màmá Ẹlẹ́kọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ògì ni iṣẹ́ mi, iṣẹ́ ìyá mi náà ni. Màmá ọkọ yín kò ṣàdédé sọ ọ̀rọ̀ omi ògì. Láti kékeré la ti ń rí i tí wọ́n ń fún ọmọ tí inú ń run ní omidún, ó sì máa ń dá a dúró. A máa ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó lọ̀ ọ́, kí a sẹ́ ẹ, kó tó tòrò. Omi tó bá dá sórí yẹn ni omidún. Bí ó bá kan dáadáa, tí kò rùn, ó péye.

Mo fẹ́ kí àwọn tó kàwé nínú yín sọ fún wa: ṣé òótọ́ ni pé kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe inú lóore?

Akẹ́kọ̀ọ́ Màìkírò, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òótọ́ ni. Bakitéríà tó ń sọ ògì di kíkan, àwọn Lactobacillus ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum ló sì máa ń gbapò iwájú nínú wọn. Òun náà ló máa ń pọ̀ nínú fùfú àti nínú gbágùúdá tí a ń rẹ tàbí tí a ń fún fi ṣe gàrí. Ásíìdì tí wọ́n ń ṣe ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn ráyè. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ níbi ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, Èkó, gbé ògì kan jáde tí wọ́n pè ní DogiK. Wọ́n fi Lactobacillus tí wọ́n ti yàn, tó lè kojú àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ṣe é. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ ni wọ́n gbé lọ sí láàbù.

Nǹkan méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Ìkíní, omidún tí a kò sè, omi tí wọ́n fi ṣe é ló máa sọ bó ṣe mọ́ tó. Bí kànga náà kò bá mọ́, a kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí inú rẹ̀ ti ń dà á láàmú. Omi tí a ti sè tó sì ti tutù ni kí a fi rẹ àgbàdo náà bó bá jẹ́ pé ọmọ kékeré ló máa mu omidún rẹ̀. Omidún kò sì lè rọ́pò ORS. Ìkejì, bí a bá ti ro ògì lórí iná, púpọ̀ nínú àwọn bakitéríà yẹn ti kú. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kò parẹ́: ásíìdì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti dín ohun kan tó ń jẹ́ phytate kù nínú àgbàdo, èyí tí kì í jẹ́ kí ara gba irin àti zinc inú oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa ògì wa. Èèrí. A máa ń sẹ́ èèrí kúrò, a ó gbé e fún ewúrẹ́. Inú èèrí yẹn ni púpọ̀ nínú fáíbà àgbàdo wà, apá tí ara wa fúnra rẹ̀ kò lè dà, ìyẹn oúnjẹ àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá. A sẹ́ oúnjẹ wọn dànù, a tún wá ń fi owó ńlá wá bakitéríà kiri ní kẹ́míìsì!

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí díẹ̀ nítorí òun ni mo rò pé ó kan Tòmíwá jù. Bí fáíbà bá dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà á bu ú jẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké mẹ́ta tó gbajúmọ̀: acetate, propionate àti butyrate. Butyrate yìí ni sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ògiri ìfun ńlá ń jẹ ju ohunkóhun lọ. Àwọn ásíìdì wọ̀nyí sì tún máa ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi padà sínú ara, tí ìgbẹ́ á fi le. Ọmọ tó bá jẹ índómì, búrẹ́dì funfun àti ìrẹsì funfun láti àárọ̀ di alẹ́, ìfun kékeré rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán kó tó dé ibi tí wọ́n wà. Ebi ń pa wọ́n. Oògùn sì ti kọ́kọ́ dín wọn kù.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Ítálì fi ìgbẹ́ àwọn ọmọdé abúlé kan ní Burkina Faso, tí wọ́n ń jẹ jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, wé ti àwọn ọmọ ìlú Florence ní Ítálì. Bakitéríà ajẹfáíbà bíi Prevotella pọ̀ rẹpẹtẹ nínú àwọn ti Burkina, àwọn ásíìdì kéékèèké yẹn sì pọ̀ nínú ìgbẹ́ wọn ju ti àwọn ọmọ Florence lọ. Oúnjẹ wọn kò jìnnà sí èyí tí àwọn ìyá ìyá wa ń jẹ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Minnesota

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níbí gan-an. Ní 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Minnesota tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn Hmong àti Karen tí wọ́n ṣí láti Éṣíà wá síbí. Láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n dé ni irú bakitéríà inú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, Prevotella ń lọ, Bacteroides ti àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbapò rẹ̀. Ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ka ti àwa Yorùbá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan náà la rìn, mo sì ń rí i nínú ohun tí àwọn ọmọ wa ń jẹ níléèwé.

Èyí tó fún mi nírètí ni ti 2015. Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ogún ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àti ogún ará abúlé ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ti Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ tó kún fún fáíbà, àwọn ti Áfíríkà jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá bíi bọ́gà. Butyrate nínú àwọn ará Amẹ́ríkà di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ti àwọn ará Gúúsù Áfíríkà sì fẹ́ẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Àwọn àmì tó ń tọ́ka sí ewu jẹjẹrẹ ìfun náà yí padà lára ìfun wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ìyá Tòmíwá, ẹ má bọkàn jẹ́, inú ọmọ á gbọ́ bí oúnjẹ bá yí padà.

Ìyá Tòmíwá, Abẹ́òkúta

Ẹ ti là mí lójú. Kápúsù yẹn wá ńkọ́? Ṣé kí n tọrọ owó rà á?

Apòògùn Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ má tọrọ owó. N kò ní sọ pé gbogbo wọn kò wúlò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú àwọn kan, bíi Lactobacillus rhamnosus GG tàbí ìwúkàrà kan tó ń jẹ́ Saccharomyces boulardii, pọ̀ mọ́ oògùn apakòkòrò láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìwádìí fi hàn pé ó lè dín ìgbẹ́ gbuuru kù lára ọmọdé. Ṣùgbọ́n Tòmíwá ti parí oògùn rẹ̀. Kápúsù tí wọn kò sì kọ orúkọ bakitéríà inú rẹ̀ sí lára ní kíkún, tàbí tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí káńtà, ta ló mọ ohun tó kù níbẹ̀?

Ní 2018 kan náà, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Weizmann ní Ísírẹ́lì fún àwọn àgbàlagbà ní oògùn apakòkòrò, lẹ́yìn náà wọ́n fún apá kan nínú wọn ní àpapọ̀ irú bakitéríà 11. Bakitéríà tiwọn gan-an, tó jẹ́ ti ara wọn, pẹ́ kó tó padà ju ti àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan lọ. Èyí ló mú kí n má máa tà á fún gbogbo ẹni tó bá ti lo oògùn apakòkòrò. Owó yẹn, ẹ fi ra ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Òṣogbo

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Nínú ọmú ìyá, ṣúgà kan wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà rárá, irú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Bakitéríà tó ń jẹ́ Bifidobacterium ló wà fún. Ọlọ́run fi oúnjẹ tiwọn sínú oúnjẹ ọmọ. Ìdí kan tún nìyẹn tí a fi ń sọ pé ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbo máa ń dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n mi ò ní yé sọ ọ́.

Fún ọmọ tó ti rù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bakitéríà nìkan o. Ní Màláwì, wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn ìbejì tí kwashiorkor, àìsàn àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ, mú ọ̀kan nínú wọn tí kò mú èkejì, nínú ilé kan náà, nídìí ìkòkò kan náà. Ní 2013, ikọ̀ onímọ̀ Jeffrey Gordon ti ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá gbé bakitéríà ìfun ọmọ tó ní kwashiorkor sínú eku, tí wọ́n sì fún eku náà ní oúnjẹ Màláwì, eku náà á rù gan-an. Oúnjẹ nìkan kò ṣe é, bakitéríà nìkan kò ṣe é. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n bí mo ṣe sọ.

Ìyá Tòmíwá, Abẹ́òkúta

A ti lọ. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí amíbà, wọn kò rí aràn. Ó ti fọn díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní kò burú. Wọ́n fún wa ní zinc, àwọn náà sì ní kí n dín mílíìkì kù. Ikùn rẹ̀ kò wú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń fi ẹ̀pà sínú ògì. Ìgbẹ́ náà kò tíì le tán. Mo fẹ́ dá ẹ̀wà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nítorí afẹ́fẹ́.

Màmá Ẹlẹ́kọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ rẹ ẹ̀wà náà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀kuru tó rọ̀. Ṣíbí méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bá a lára mu, lọ́jọ́ mìíràn ẹ fi kún un. Bó bá yá, ẹ má bó gbogbo èèpo rẹ̀ mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n náà, ẹ sè é, ẹ gún un pọ̀ mọ́ epo díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Màìkírò, Ilé-Ifẹ̀

Màmá sọ ọ́ tán. Ṣúgà inú ẹ̀wà tó ń fa afẹ́fẹ́ máa ń bá omi tí a fi rẹ ẹ́ lọ, kì í tán ṣá o, èyí tó kù sì ni àwọn bakitéríà fẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ní sítáàṣì tí ìfun kékeré kò rí dà. Ẹ̀kọ tó ti tutù tó dì nínú ewé náà ní díẹ̀ nínú irú sítáàṣì yẹn ju èyí tó gbóná lọ.

Ti ẹ̀fọ́ tí kò fẹ́ jẹ, ẹ se ewédú kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ fi irú sí i, ẹ bù ú lé àmàlà kékeré. Ẹ ti í sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́.

Bàbá Ìṣẹ́yìn, Ìṣẹ́yìn

Kí ẹ sì rí i pé ó fọ ọwọ́ náà.

Ìyá Tòmíwá, Abẹ́òkúta

Mo ti gbọ́, Bàbá. Mo ti rẹ ẹ̀wà báyìí.